Bí ìkùukùu òjò ṣe ń mú òfuurufú gbóná

Bí òjò ńlá bá rọ̀ tán lọ́sàn-án, ara á tù wá. Ilẹ̀ á tutù, afẹ́fẹ́ á tutù, àwọn tó ti ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra láti àárọ̀ á máa wá aṣọ bora. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fi ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ìkùukùu òjò wà lára ohun tó ń mú òfuurufú gbóná jù lọ. Àwọn kan á ní àsọdùn ni. Àwọn mìíràn á rò pé mànàmáná ni wọ́n ń sọ. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ náà, kò sì tako ohun tí ara wa ń sọ fún wa. Ooru tó kúrò lọ́dọ̀ wa nísàlẹ̀ ni ìkùukùu ń tú sílẹ̀ lókè. Ibi tó ń tú u sí gan-an, yálà kìlómítà 3 sókè ni tàbí kìlómítà 8, ni wọ́n ti ń fi sátẹ́láìtì wá láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nítorí láti ibẹ̀ ni ẹ̀fúùfù àti òjò àwọn ibòmíràn ti ń gba àṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ooru náà ti wá. Oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ mú afẹ́fẹ́ gbóná ní tààrà. Òkun àti ilẹ̀ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán rẹ̀. Níbi tí omi bá wà, lójú òkun, nínú igbó, lóko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi òjò, ooru púpọ̀ ló ń lọ sórí gbígbẹ omi náà. Omi tó gbẹ kò ṣègbé. Ó di ọ̀rinrin tí ojú kò rí, ó ń rìn nínú afẹ́fẹ́, ooru tó fi gbẹ sì wà lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tẹmómítà kò lè fi í hàn. Ìgbà tí ọ̀rinrin yẹn bá tún padà di omi ni ooru náà ń jáde. Ẹni tó bá ti ṣí ìdérí kúrò lórí ìkòkò iṣu tó ń hó, tí oru rẹ̀ sì ta á lọ́wọ́, ti mọ ohun tí mò ń wí: oru náà kan awọ ara, ó di omi lójú ẹsẹ̀, ó sì tú gbogbo ooru tó gbé pamọ́ sí ọwọ́ onítọ̀hún. Ìdí nìyẹn tó fi ń bó èèyàn ju omi gbígbóná lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkùukùu nìyẹn gẹ́lẹ́. Gbogbo ẹ̀kán òjò tó bọ́ sílẹ̀ ti tú ooru tirẹ̀ sókè kó tó bọ́.

Ooru náà kò kéré. Garawa omi lítà 20 kan, bí ó bá ti ọ̀rinrin di omi, á tú ooru tó tó nǹkan bí yúníìtì iná mànàmáná 14 sílẹ̀, irú yúníìtì tí à ń rà sínú mítà. Ẹ wá wo òjò mìlímítà 50, òjò ńlá kan péré, tó rọ̀ sórí ilẹ̀ tó gùn ní kìlómítà kan tó sì fẹ̀ ní kìlómítà kan. Lítà omi mílíọ̀nù 50 nìyẹn. Ooru tí omi náà ti tú sílẹ̀ lókè kó tó dé orí páànù wa tó nǹkan bíi yúníìtì mílíọ̀nù 35. Ìjì kan ṣoṣo sì lè bo ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mànàmáná, ní tirẹ̀, gbóná gan-an lójú ọ̀nà tóóró tó bá gbà, ṣùgbọ́n yúníìtì ọgọ́rùn-ún mélòó kan péré ni agbára tó wà nínú ẹyọ kan. Ariwo rẹ̀ pọ̀, àmọ́ òun kọ́ ló ń mú òfuurufú gbóná.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e bọ́gbọ́n mu: bí ooru bá pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí inú ìkùukùu kò gbóná? Orí àwọn ìkùukùu ńlá tutù débi pé ó máa ń kọjá dígírì 70 sísàlẹ̀ òdo. Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ tó bá ń gòkè máa ń fẹ̀ sí i, bó bá sì ti ń fẹ̀ ló ń tutù. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń pàdánù nǹkan bí dígírì 10 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan tó bá gùn lọ sókè. Èyí tí ọ̀rinrin rẹ̀ ń di omi kì í pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Nísàlẹ̀ ìkùukùu ilẹ̀ olóoru, ó lè má ju dígírì 4 tàbí 5 lọ, nítorí ooru tó ń jáde lára omi ń dí àlàfo náà. Nípa bẹ́ẹ̀, ó ń móoru díẹ̀ ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká, ó fúyẹ́ jù ú lọ, ó sì ń gòkè sí i. Bó ti ń gòkè ni omi mìíràn ń jáde, tí ooru mìíràn ń tú. Ohun tó ń gbé ìkùukùu dé kìlómítà 15 sókè nìyẹn, ju ibi tí ọkọ̀ òfuurufú èrò ń gbà lọ.

Bí gbogbo ooru òjò mìlímítà 50 yẹn bá jókòó sójú kan, yóò fi nǹkan bí dígírì 12 kún gbígbóná gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ náà, láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè. A kì í rí i bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ olóoru, ìmóoru òkè kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, kódà bí wọ́n bá jìnnà síra ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Afẹ́fẹ́ tó gòkè nínú ìkùukùu máa ń ti afẹ́fẹ́ àyíká sísàlẹ̀ wẹ́rẹ́. Èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ á fún pọ̀, á sì móoru. Báyìí ni ooru ìjì kan ṣe ń tàn ká agbègbè tó tóbi ju ìjì náà fúnra rẹ̀ lọ. Inú ìkùukùu ni ooru ti ń jáde, ṣùgbọ́n gbogbo àyíká ló ń jẹ nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ayé tó ń gbóná sí i nítorí èéfín. Ìkùukùu kì í dá ooru tuntun sílẹ̀. Ó ń kó o láti ojú òkun àti ojú ilẹ̀ lọ sí òkè ni, lẹ́yìn náà òfuurufú á máa tú u jáde kúrò láyé díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé ni pé afẹ́fẹ́ tó gbóná sí i ní dígírì kan lè gba nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rinrin kún èyí tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rinrin tó pọ̀ sí i túmọ̀ sí pé ooru tí ìjì kọ̀ọ̀kan lè tú sílẹ̀ náà á pọ̀ sí i.

Kí sátẹ́láìtì tó dé, ìṣirò ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Ní 1958, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ méjì, Herbert Riehl àti Joanne Malkus, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Joanne Simpson lẹ́yìn náà, ṣírò ooru tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ní àyíká ìlà agbedeméjì ayé. Wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ tó bá ń rọra gòkè nìkan kò lè gbé ooru tó pọ̀ tó dé òkè, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó wà ní àárín á ti dà á rú. Wọ́n ní ìkùukùu tóóró tó ga fíofío ni yóò máa gbé e la àárín kọjá, ìkùukùu tí wọ́n pè ní ilé ìṣọ́ gbígbóná. Ohun tó yani lẹ́nu nínú ìṣirò wọn ni iye rẹ̀: láàárín 1,500 sí 5,000 irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ti tó láti ṣe iṣẹ́ náà fún gbogbo àyíká ayé. Simpson, tó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ojú ọjọ́, ní 1949, ni NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, tún wá fi ṣe olórí onímọ̀ fún TRMM, sátẹ́láìtì tí wọ́n fẹ́ fi máa wọn òjò ilẹ̀ olóoru, láti 1986. Ìyá náà ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún nígbà tó tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ tó máa jẹ́ kí ayé fojú rí ohun tí òun ti fi ìṣirò sọ.

Kí TRMM tó lè wúlò, wọ́n ní láti yanjú ohun kan tí gbogbo wa ń rí ṣùgbọ́n tí a kì í kíyè sí. Ẹ wo ìjì oṣù Kẹrin tàbí oṣù Kẹwàá nílùú bí Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́. Ìlà oòrùn ló ti sábà máa ń ṣú bọ̀, torí pé afẹ́fẹ́ kan wà ní nǹkan bí kìlómítà 3 sí 4 sókè tó ń fẹ́ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹ̀fúùfù tútù á kọ́kọ́ dé, á gbé eruku, á máa ṣí páànù. Lẹ́yìn náà òjò á dà gìrìgìrì, ẹ̀kán ńláńlá, pẹ̀lú àrá, fún bí ìdajì wákàtí. Ó lè rọlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn èyí. Àrọ̀ọ̀dá ló máa kù: òjò wẹliwẹli tó lè wà níbẹ̀ fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, tí àwọn èèyàn ti ń bọ́ síta pẹ̀lú agboòrùn nínú rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ òjò àkọ́kọ́, torí òun ló ń wó igi tó sì ń ṣí ilé. Ní tèmi, àrọ̀ọ̀dá yẹn ni ìtàn tó jinlẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Òjò líle àkọ́kọ́ ń bọ̀ láti inú ìkùukùu tí afẹ́fẹ́ ń fi agbára gòkè nínú rẹ̀. Ooru ń jáde nínú rẹ̀ láti nǹkan bíi kìlómítà kan sókè títí lọ, àárín ló sì ti ń pọ̀ jù. Àrọ̀ọ̀dá kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkùukùu rẹ̀ ni èyí tó tẹ́ rẹrẹ lókè lẹ́yìn ìjì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ ju kìlómítà 5 lọ, níbi tí òtútù ti dé òdo dígírì. Òkè ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ti ń di yìnyín, tó sì ń tú ooru. Yìnyín wẹ́wẹ́ náà á máa rọra já bọ̀ bí òjò dídì. Bẹ́ẹ̀ ni, òjò wẹliwẹli tó ń kán sí wa lórí ní Ìbàdàn ti fìgbà kan jẹ́ òjò dídì ní kìlómítà mélòó kan lókè orí wa! Nígbà tó bá kọjá ibi òdo dígírì, á yọ́, yíyọ́ náà á sì gba ooru lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Nínú omi tó yọ́ yìí, díẹ̀ á tún gbẹ kó tó dé ilẹ̀, ìyẹn náà á gba ooru sí i. Nítorí náà, òkè ń gbóná, ìsàlẹ̀ ń tutù, lábẹ́ ìkùukùu kan náà, ní wákàtí kan náà. Ẹ̀fúùfù tútù tó ń ṣáájú ìjì ti ibẹ̀ wá pẹ̀lú: afẹ́fẹ́ tí omi gbẹ sínú rẹ̀, tó tutù, tó wúwo, tó wá já lulẹ̀ tó sì fọ́n ká. Ara tó tù wá àti òfuurufú tó gbóná, iṣẹ́ kan náà ló bí wọn.

Òpin oṣù Kọkànlá 1997 ni wọ́n ju TRMM sókè láti erékùṣù Tanegashima ní Japan, iṣẹ́ àjọṣe Amẹ́ríkà àti Japan. Òun ló kọ́kọ́ gbé rédà òjò lọ sí òde ayé. Ó ń yí ayé ká ní nǹkan bíi kìlómítà 350 sókè (wọ́n gbé e lọ sí 402 ní 2001 kó má baà tètè jẹ epo rẹ̀ tán), kì í sì kọjá dígírì 35 sí àríwá tàbí gúúsù ìlà agbedeméjì ayé, kó lè máa ṣọ́ ilẹ̀ olóoru, níbi tí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta òjò ayé ti ń rọ̀. Àwọn sátẹ́láìtì bíi Meteosat ti ilẹ̀ Yúróòpù, tó dúró sójú kan ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà, tí ojú rẹ̀ sì bo gbogbo Áfíríkà, ń ya ìkùukùu léraléra láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n orí ìkùukùu nìkan ni wọ́n ń rí. Rédà TRMM ń wo inú rẹ̀. Ó ń ta ìgbì rédíò sísàlẹ̀. Ìgbì náà á kan ẹ̀kán òjò, díẹ̀ á sì padà. Bó bá ti pẹ́ tó kó tó padà ni wọ́n fi ń mọ bí òjò náà ti ga tó. Bó bá ti lágbára tó ni wọ́n fi ń mọ bó ti pọ̀ tó, ní ìpele ìpele mítà 250.

Òjò dídì tó ń yọ́ ló sì ń tú àṣírí àrọ̀ọ̀dá fún rédà. Nígbà tí yìnyín bá ń yọ́, omi á bo ara rẹ̀ kó tó súnkì di ẹ̀kán, rédà á sì rí i bí ohun tó tóbi gan-an. Nínú àwòrán, ìlà kan á yọ yòò ní nǹkan bíi kìlómítà 5. Òjò tó bá ní ìlà yìí, àrọ̀ọ̀dá ni. Òjò líle kì í ní in, torí afẹ́fẹ́ tó ń gòkè nínú rẹ̀ ti da gbogbo rẹ̀ rú. Ọpẹ́lọpẹ́ irú àmì yìí, Courtney Schumacher àti Robert Houze fi TRMM ṣírò rẹ̀ ní 2003 pé nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún òjò ilẹ̀ olóoru jẹ́ àrọ̀ọ̀dá, ó sì ń bo nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ilẹ̀ tí òjò ń rọ̀ sí. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ó túmọ̀ sí pé ooru tó ń jáde lókè, ju kìlómítà 5 lọ, pọ̀ ju ohun tí ẹni tó bá ka ìkùukùu tóóró nìkan sí á rò lọ.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a rọra tẹ̀. Kò sí sátẹ́láìtì kankan tó ń fojú rí ooru yìí. Òjò ni wọ́n rí. Láti mú òjò di ooru, wọ́n ń lo kọ̀ǹpútà láti dá ìjì sílẹ̀, ìjì tí wọ́n mọ ohun gbogbo nípa rẹ̀, òjò rẹ̀ àti ooru rẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ jọ sínú tábìlì kan, ìyẹn àkójọ òǹkà tí wọ́n tò sílẹ̀. Bí sátẹ́láìtì bá wá rí ìjì gidi, wọ́n á wo inú tábìlì, wọ́n á mú èyí tó jọ ọ́ jù, wọ́n á sì gba ooru tirẹ̀. Wei-Kuo Tao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní NASA ṣe ọ̀kan, Shoichi Shige àti tirẹ̀ ní Japan ṣe òmíràn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwòrán mèremère tí wọ́n fi ń ṣàfihàn ooru ìkùukùu, ẹ mọ̀ pé ìṣirò tó dá lórí òjò ni, kì í ṣe òǹkà tẹmómítà.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ìṣirò náà kò ṣìnà? Fèrè ńlá tí wọ́n fi gáàsì kún, tó gbé ẹ̀rọ kékeré rọ̀, ni wọ́n ń jù sókè yí agbègbè kan ká lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá mọ afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, èyí tó ń jáde, àti bó ti gbóná tó, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ooru tí ìkùukùu tú sílẹ̀. Michio Yanai àti àwọn méjì mìíràn ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ dáadáa ní 1973. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọkọ̀ òkun bí ogójì kóra jọ sójú Àtìláńtíìkì fún iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n pè ní GATE, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Dakar. Ní 2006, irú iṣẹ́ ìwádìí bẹ́ẹ̀, tó ń jẹ́ AMMA, tún wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Irú iṣẹ́ orí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì pọ̀ tó lọ́dọ̀ wa, ó sì dùn mí, nítorí ìjì ilẹ̀ Áfíríkà sábà máa ń ga, yìnyín inú rẹ̀ sì ń pọ̀ ju ti ìjì ojú òkun. Tábìlì tí wọ́n bá fi ìjì òkun kọ lè ṣi ìjì tiwa wò.

Ooru mìíràn tún wà tí kì í ti ara omi jáde. Ìkùukùu tó tẹ́ lókè ń dí ooru tó ń ti ilẹ̀ lọ sí òde ayé lọ́wọ́. CloudSat àti CALIPSO, sátẹ́láìtì méjì tí wọ́n jù sókè pọ̀ ní oṣù Kẹrin 2006, ló jẹ́ kí wọ́n rí bí èyí ti ń rí ní ìpele ìpele. Kò tó ooru òjò, ṣùgbọ́n ó máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí òjò ti dá.

Kí wá ni ànfààní mímọ ibi tí ooru wà? Ibi tó bá ti ń gbóná ni afẹ́fẹ́ ti ń gòkè, abẹ́ ibẹ̀ ló sì ti ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra. Òjò líle ń fà á láti ìtòsí ilẹ̀. Àrọ̀ọ̀dá ń fà á láti àárín òfuurufú, afẹ́fẹ́ tó bá sì ń pàdé láàárín báyìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Àwọn ìdàrúdàpọ̀ ojú ọ̀run kan tó ń ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jáde sójú òkun máa ń gba agbára lára ooru ìjì bẹ́ẹ̀, àwọn kan nínú wọn ló sì ń di ìjì àjà tó ń ba Cuba àti gúúsù Amẹ́ríkà jẹ́. Afẹ́fẹ́ tó gòkè lágbègbè wa tún ń rìn lọ sí àríwá lókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí Sàhárà, ó ń móoru, ó ń gbẹ, kì í sì í jẹ́ kí ìkùukùu ṣú níbẹ̀. Ọdún tí El Niño bá dé, ìyẹn ìgbà tí ojú Òkun Pàsífíìkì bá móoru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìjì á ṣí lọ sí àárín Òkun Pàsífíìkì, ooru á bá a lọ, ẹ̀fúùfù àti òjò á sì yí padà ní ọ̀nà jíjìn. Kọ̀ǹpútà tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, bó bá ṣi ooru kìlómítà 8 gbé sí kìlómítà 4, ẹ̀fúùfù tó máa sọ kò ní jẹ́ òótọ́.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fọkàn sí pé TRMM á lò. Ó lo ju ọdún 17 lọ, kó tó jóná bó ṣe ń já bọ̀ sórí Òkun Íńdíà ní oṣù Kẹfà 2015. GPM, sátẹ́láìtì mìíràn tí wọ́n jù sókè ní oṣù Kejì 2014, ti gba iṣẹ́ náà, rédà rẹ̀ ní ìgbì oríṣi méjì, ó sì ń lọ dé dígírì 65 sí àríwá àti gúúsù. Síbẹ̀, ohun tó ń mú kí ooru jáde, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń gòkè nínú ìkùukùu, ṣì jẹ́ ohun tí wọ́n ń méfò láti ara òjò. Ní 2021, NASA yan iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ INCUS láti mú èyí kúrò nínú àméfò, Susan van den Heever ti Colorado State University ni aṣáájú rẹ̀. Sátẹ́láìtì mẹ́ta ni wọ́n ṣètò pé yóò tẹ̀ lé ara wọn gba ọ̀nà kan náà, tí ẹ̀kẹta kò ní fi ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì pẹ́ lẹ́yìn èkíní, kí rédà wọn lè wo ìkùukùu kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyàtọ̀ tí wọ́n bá rí láàárín ìṣẹ́jú méjì yẹn ni wọ́n á fi mọ bí afẹ́fẹ́ tó gòkè ti pọ̀ tó.